Ohun Tí Bàbá Rẹ Sọ Nípa Wáìnì Pupa Náà

Akínkúnmi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ tó gbà ọ́ síṣẹ́, mo sì kí onílé rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ní kì í dáhùn ìkíni. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi Ọ̀ṣun gbẹ lẹ́ẹ̀rùn kò ní jẹ́ kí orísun tìrẹ gbẹ. Bí o ṣe ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì jáde nílé, ẹsẹ̀ méjèèjì náà ni o óò máa fi wọlé. Èkó tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ mì kò ní rí tìrẹ gbé mì. Jọ̀wọ́ ṣe àmín níbi tí o bá ti ń ka ìwé yìí, má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àwa náà wà ní Ẹdẹ níbí, a kò ráhùn. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, páànù ẹ̀yìnkùlé sì tún ń jò, ṣùgbọ́n mo ti gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, torí náà n kì í fa omi kànga mọ́ lọ́jọ́ òjò. Abo adìẹ rẹ aláwọ̀ eérú ti kú. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun, bí pásítọ̀ bá wúkọ́ báyìí, àwọn ará ọjà á kí i pé pẹ̀lẹ́.

O ní kí a tọ́ wáìnì tó o fi ránṣẹ́ wò, kí n kọ bó ṣe rí lẹ́nu wa sílẹ̀, torí ọ̀gá rẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn tí kò mu irú rẹ̀ rí yóò sọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Òótọ́ ni n óò kọ, kí ó má bínú. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí bàbá rẹ ní kí n má sọ lórí fóònù, n óò dé ibẹ̀.

Awakọ̀ gbé ìgò náà dé láìfọ́, o ṣeun tó o fi aṣọ wé e. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ ni pé igi rírọ̀ kan ni mo rí lẹ́nu rẹ̀, mo rò pé awakọ̀ náà ti mu ún lọ́nà tó wá wá igi fi dí i. Mo ti bú u délẹ̀ kí Ìyìnolúwa tó dé. Ìyìnolúwa ni ọmọ yunifásítì tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dí i. Ìṣó àti ẹ̀mú ló fi fà á yọ. Bá mi bẹ awakọ̀ náà.

Ìyìnolúwa náà ló ka ìwé tó wà nínú páálí fún wa tó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ìwé náà ní wọ́n ṣe wáìnì náà ní ìlànà Bọdó, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n South Africa ni oko rẹ̀ wà. Akínkúnmi, mo bẹ̀ ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ran bàtà ní Abá tí wọ́n á kọ Ítálì sí i. Ìwé náà tún ní ẹni tó bá mu ún yóò rí èso dúdú, awọ, pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ewé tábà, àti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo gbé asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ ògì, mo sẹ́ gbogbo ìgò náà sínú ìkòkò, n kò rí awọ, n kò rí pẹ́ńsùlù. Ìdọ̀tí díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, bóyá òun ni ilẹ̀ tí wọ́n wí. Ìyìnolúwa ní òórùn wọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo ní ta ló wá ń ta òórùn pẹ́ńsùlù fún àgbàlagbà?

Níbi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ń dáko ni ẹ̀rù ti bà mí. Wọ́n ní ìwo màlúù ni wọ́n ń kó ìgbẹ́ màlúù sí, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n á hú u nígbà tí ilẹ̀ bá móoru, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á wọ́n ọn sí oko. Wọ́n ní òṣùpá ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ká èso. Mo ránṣẹ́ pe Bọ́lánlé, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bọ́lánlé ní ìwo kì í yí orúkọ padà nítorí pé òyìnbó ló gbé e lọ́wọ́, ohun tí wọ́n ń lò ó fún nílé bàbá òun àgbà kò ṣeé fi ẹnu ọmọ ìjọ sọ. A bá gbàdúrà sí ìkòkò náà, a kọ orin kan lé e. Ìyìnolúwa ní ajílẹ̀ lásán ni, ó sì tún kà á síwájú pé pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń dà sínú oko kí wọ́n lè ṣa ìgbín jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n lówó lóòótọ́, tí wọ́n fi ń fi ìgbín bọ́ pẹ́pẹ́yẹ.

Gbogbo ìgbà yẹn, bàbá rẹ ń tẹ́tí sí wa. Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n jókòó sí, ẹsẹ̀ wọn tó wú nígbà tí o wá lọ́dún tuntun ṣì wú bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ ti ga dé orúnkún. Kíndìnrín ni wọ́n pè é ní ọsibítù Òṣogbo. Dókítà ibẹ̀ bi wọ́n léèrè irú oògùn koríko tí wọ́n ń fín sóko, ó ní òun ò lè búra pé oògùn náà ló fà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó dín omi wọn kù, ó dín iyọ̀ wọn kù, a sì ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Mo ti bi nọ́ọ̀sì léèrè rí pé ọṣẹ wo ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kí n lè máa rà á sílé kí a dín ìrìnàjò kù. Ó ní rárá, kò ṣeé fọ̀ nílé.

Àfi bí bàbá rẹ ṣe ní kí Ìyìnolúwa padà sẹ́yìn, kó ka ibi kan lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí ìwé ti sọ pé wọn kì í fín oògùn koríko rárá lóko náà ni. Wọ́n bi í pé kí ni àwọn olóko náà wá ń fi ro ó. Ó ní ọwọ́ ni, àti ẹṣin. Wọ́n bi í pé ọwọ́ ta ni. Ó wò ó, ó ní ìwé sọ pé bàbá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá rẹ ní ó dáa.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Òórùn rẹ̀ dà bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù tí a gbàgbé sínú agbọ̀n, ó wá dà bí inú àpótí aṣọ ìyá àgbà. Lẹ́nu, ó kọ́kọ́ kan, ó wá korò, lẹ́yìn náà ó gbá ahọ́n mi mú bí èso kajú tí kò tíì pọ́n, gbogbo ẹnu mi gbẹ. Nígbà tí mo ti gbé e mì tí mo rò pé ó ti tán, adùn kékeré kan padà wá láti ọ̀nà ọ̀fun, bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ obì tó mu omi lé e. Adùn yẹn dára. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé, ta ni yóò dúró dè é? Sọ fún ọ̀gá rẹ pé sóbò dùn jù ú lọ. Bọ́lánlé fi ètè kàn án, ó ní ti oúnjẹ Olúwa tiwa ní ṣúgà. Àtàndá àbúrò bàbá rẹ wọlé bá wa, ó mu ife kan, ó ní ẹmu àná tí wọ́n rẹ láró ni, ó sì tún na ife náà wá.

Bàbá rẹ ní kí n fún àwọn ní ṣíbí kan. Mo rántí omi tí dókítà dín kù, n kò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n wò mí. Wọ́n fi í sẹ́nu, wọ́n pa ojú dé, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé wọ́n ti sùn. Nígbà tí wọ́n gbé e mì, wọ́n ní, “Kọ ọ́ sí Akínkúnmi pé ó korò, ṣùgbọ́n kò sí oògùn nínú rẹ̀. Mo mọ bí oògùn ṣe ń rí lẹ́nu.”

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Àṣé bí ojú ọ̀pá tánkì oògùn yẹn bá ti dí lóko, ẹnu ni wọ́n fi ń fà á, tí wọ́n á fi fẹ́ ẹ, tí wọ́n á tutọ́, tí wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà tó o ti lọ sí Èkó tí kò sí ọwọ́ kejì nídìí ọkọ́ ni wọ́n ti ń gbé tánkì yẹn sẹ́yìn. Ẹ̀yìn wọn a máa tutù bí ó bá jò, mo rò pé òógùn ni, èmi ni mo ń fọ aṣọ náà.

Wọ́n wá yíjú sí Àtàndá, wọ́n ní oko wa tó wà lọ́nà ìlú Ara, kó má fín in lọ́dún yìí. Àtàndá ti ra oògùn sílẹ̀, ó ti gbé e síbẹ̀. Ó ní ṣé kí koríko wá bo ẹ̀gẹ́ ni. Ó ní, “Ta ni yóò ro ó? Ṣé ẹ̀yin ni?” Kò pariwo, ó kàn bi wọ́n ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ síbi àdúrà òwúrọ̀, kí n tó dé, bàbá rẹ ti pe ọlọ́kadà, wọ́n ti gbé ọkọ́ lọ. Àtàndá ló rí wọn. Ó lọ láti lọ fín oògùn náà ni, tánkì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá wọn láàárín ebè, wọ́n dojú bolẹ̀, ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí wọ́n rí ro kò fẹ̀ ju ẹní àtẹ́sùn kan lọ. Àtàndá ní ó mọ́ tónítóní, kò sí gbòǹgbò kan níbẹ̀. Ó ju tánkì sílẹ̀, ó gbé wọn kọ́ èjìká dé títì. Láti ọjọ́ náà kò fín nǹkan kan, kò sì ro nǹkan kan, ó kàn máa ń wá jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú.

A lo ọjọ́ díẹ̀ ní ọsibítù Òṣogbo. Ṣùgbọ́n má sunkún, torí ìròyìn ayọ̀ ló kàn. Dókítà yẹn tó jẹ́ pé ìdúró ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀, ó pè mí sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó fi mí jókòó, òun náà jókòó. Ó ní kí a máa gbé Bàbá lọ sílé. Ó ní kò sí ìdí láti fọ ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́. Iyọ̀ tó ti fòfin dè, omi, ẹran, ó ní kí n fún wọn ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Mo bi í pé ìgbà wo ni kí a padà wá, ó ní kò pọn dandan. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní Ọlọ́run, o ṣeun, o ti wo ọkọ mi sàn.

Mo ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jó dé iwájú pẹpẹ. Ó yà mí lẹ́nu pé Bọ́lánlé tó fẹ́ràn ijó kò jó, ó kàn ń gbá mi mọ́ra. Ìyìnolúwa náà sunkún nígbà tí mo sọ ohun tí dókítà sọ fún un, mo ní ẹkún ayọ̀ kò burú. Oorun pọ̀ lójú bàbá rẹ báyìí, n kò sì jí wọn, torí ìsinmi ni oògùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn. Mo se ẹran tí wọ́n ti ń fẹ́ tipẹ́ fún wọn, wọn kò lè jẹ ẹ́.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè gba alágbàro sí oko náà, torí n kò fẹ́ kí Àtàndá tún ronú kan oògùn yẹn. Bí ó bá ṣẹ́ kù, n óò fi tún páànù tó ń jò ṣe. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí o má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, pé kí o wá ní Kérésì, ara wọn á ti le dáadáa nígbà náà. Bàbá rẹ gbọ́ bí mo ṣe ń kà á jáde, wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Wọ́n ní kí o má ra nǹkan kan bọ̀, kí o ṣáà wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo ní kí ló ń lé wa. Wọ́n ní koríko kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Torí náà mo pa Kérésì rẹ́. Kí Ọlọ́run dá ọ̀nà sí fún ọ. Kí ọkọ̀ tó o bá wọ̀ má bàjẹ́ lọ́nà. O óò bá wa láyé, o óò bá wa láàyè, gbogbo wa pátá.

Èmi ìyá rẹ,
Kẹ́hìndé Ọláníyan