Ẹnu Aláìlárùn Tí À Ń Wá

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún

Ohun tí mo rí ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí: ahọ́n awakọ̀ kan tó ti ń mu sìgá láti kékeré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá kan, ibi tó máa ń ki áṣáà sí ti funfun, ó ti hun jọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ètè tó là, tí kò san. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú tọ́ọ̀ṣì.

Ọlọ́wọ́-Tútù, dókítà tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ẹnu yìí, ní ẹnu aláìsàn ti pọ̀ tó. Ẹnu aláìlárùn ló kù, tí a ó fi wé tiwọn. Kí kálukú mú ará ilé rẹ̀ wá — ẹni tí kì í mu sìgá, tí kì í mu ọtí, tí kì í fi áṣáà sẹ́nu.

Rédíò ni mo rántí. Ìyá mi nìyẹn. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn kì í dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Rédíò gbà. Wọ́n ní ó pẹ́ táwọn èèyàn ti ń ní kí àwọn pa ẹnu dé, wọ́n wá ń bẹ àwọn báyìí pé kí àwọn là á.

Ọjọ́bọ̀, 9

Rédíò kun ètè wá. Mo ní kí wọ́n nù ún. Wọ́n ń bi Ọlọ́wọ́-Tútù bóyá ó ti níyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi omi aláró kun inú ẹnu wọn, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn, ó ní kí wọ́n fi omi ṣàn án. Ibi tí ara bá ti dá, aró á ṣí kúrò. Lábẹ́ ahọ́n wọn, lápá òsì, kò ṣí. Kékeré. Bí èékánná ọmọ ọwọ́.

Ó ní kí wọ́n tún un ṣàn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé aṣọ lẹ̀ ń rẹ láró nínú ẹnu mi ni?"

Kò ṣí. Ó ní kí n gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Mo gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Ọlọ́wọ́-Tútù gé bíńtín níbẹ̀, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kí ló lè fà á, nígbà tí wọn ò mu sìgá, tí wọn ò mutí. Ó ní ìdí tí àwọn fi ń ṣe ìwádìí nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 13

Èsì ò tíì dé.

Ọjọ́bọ̀, 16

Jẹjẹrẹ ni. Kò tíì jinlẹ̀. Ọlọ́wọ́-Tútù ní ká dúpẹ́: kò dùn wọ́n, ká ní kì í ṣe ti ìwádìí yìí, wọn ì bá má wá. Wọ́n máa gé díẹ̀ nínú ahọ́n náà. Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́? Ó ní wọ́n á sọ̀rọ̀, àmọ́ ó lè má já geere mọ́.

Mo lọ nu tábìlì. Mo tún un nù.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Rédíò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń hanrun kí wọ́n tó kú. Kò sí èyí tí mi ò gbọ́ rí níbẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n sinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Iṣẹ́ abẹ ti parí. Rédíò lajú, wọ́n sọ nǹkan kan. Ahọ́n ti wú, mi ò gbọ́. Wọ́n tún un sọ. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n ranjú mọ́ ọn, wọ́n tún un sọ. Mo tẹ etí mi mọ́ ètè wọn.

"Ṣé ẹ ti rí ẹnu míì?"

Mo ní, "A ò tíì rí, màmá."

Mo délé. Mo ní "ẹ kú ilé o", bí mo ṣe máa ń ṣe. Àwa méjèèjì nìkan là ń gbébẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ò tíì ṣú.