Mí, Re, Mí Nìkan Ni Mo Ń Gbọ́

                                        Ilé Onígéètì Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-ìwòsàn Àwọn Ọmọdé.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Etí Ológbò,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ìbejì tó ń fi ilé yín ṣe pápá eré. Ṣé orúnkún Màmá ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn báyìí? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Níbí, ara le, ìyàwó mi sì ń ránṣọ lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n n kò ní fi "dáadáa ni" bo ohun tó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Kọ́kọ́ dárí jì mí ná. Lẹ́tà oṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ní àwòrán anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ìró ga, tó o yà fún mi kò pé, tí mo tún bi ọ́ bóyá oorun ló ń kùn ọ́ nígbà tó o yà á, jọ̀wọ́ fà á ya. Àwòrán rẹ pé. Ẹ̀rọ náà dára. Èmi ni n kò pé.

O mọ ìdí tí irú anpilifáyà tí kì í sinmi yìí fi wù mí. Tiransísítọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ìró látòkè délẹ̀. Kò dà bí àwọn tí méjì ń pín in gbé, tí ojú ìpàdé wọn á máa ha èèyàn létí. Bó ń kọrin, bó dákẹ́, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá bákan náà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ìyàwó mi ní òun ti rí ohun tí òun máa fi lọ aṣọ oníbàárà.

Mo wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn, mo tan án. Orin jáde, ó dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìró ìdánwò sí i, tí mo ń gbé e ga díẹ̀díẹ̀, tó dé ibi tí ìró ti ń gbọ̀n nígbà ẹgbàajì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dákẹ́ fáú. Ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná sójú gíláàsì ní ìró wà níbẹ̀, kò lábùkù. Ojú mi rí i, etí mi ní irọ́ ni, etí ni mo gbà gbọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi etí yìí jẹun nílé-ìwòsàn. Mo pààrọ̀ tiransísítọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pààrọ̀ sípíkà, mo jó àtàǹpàkò mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mo tún gbé ìró náà sókè. Ìyàwó mi fi ìránṣọ sílẹ̀ ní pálọ̀, ó sáré wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Kí ló ń han báyìí? Ẹ pa á jọ̀ọ́, ó ń kan mí léyín!"

"Han kẹ̀? Kò sí nǹkan tó ń han."

"Ọkọ mi, ẹ má fi mí ṣeré."

Mo ní kó kọjú sí ògiri, kó máa nawọ́ nígbàkígbà tó bá gbọ́. Ogún ìgbà ni mo tan án, ogún ìgbà ló nawọ́. Èmi náà wá kọjú sí ògiri, òun wá ń tan án. Ìgbà mẹ́rin ni mo nawọ́, nínú èyí tí méjì jẹ́ pé kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan rárá. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Ó wá rán mi létí ọjọ́ tí káfíńtà ojúlé kejì ń ṣàìsàn. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Ó ti ṣú!" kí n lè lọ ká aṣọ lórí okùn kí òjò tó dé. Èmi gbọ́ "Ó ti kú!" Mo dé fìlà, mo fa ojú ro, mo lọ bá wọn kẹ́dùn. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni mo bá níwájú ilé, ó ń gé èékánná. Ó ní, "Ta ló kú?" Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi rẹ́rìn-ín. Àṣé ẹ̀rín kọ́.

O mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n là á fún ara mi. Ìró "ṣ" àti "k" fẹ́lẹ́, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Ohùn ọ̀rọ̀, dò re mí tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, nípọn, ìsàlẹ̀ ló sì wà. Òkè ti kú létí mi, ìsàlẹ̀ ló ṣẹ́kù. "Ó ti ṣú," mí re mí. "Ó ti kú," mí re mí. Orin ọ̀rọ̀ ni mo ń gbọ́, tí mo wá ń fi orí ara mi gbé ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́. Èdè wa ló bò mí láṣìírí, n kò sì mọ̀ pé mo ní àṣírí.

Ká ní èmi nìkan ló kàn, ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ọmọ kankan tó ń jáde nílé-ìwòsàn yìí tí n kì í kọ́kọ́ so rọ́bà tín-ín-rín mọ́, kí n fi í sí etí ara mi. Bí mo bá ní ó dára, ó parí. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan ń sunkún, ó ń já tirẹ̀ sọnù, ó ní ó ń súfèé. Mo fetí sí i, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé agídí ọmọdé ni, pé kó máa fi dandan wọ̀ ọ́ fún un. Ìyá náà gbọ́ràn sí ẹni tó mọṣẹ́ lẹ́nu.

Lánàá, èmi àti ìyàwó mi lọ sílé wọn. Ìyá ti fi tépù lẹ ẹ̀rọ náà mọ́ ọmọ létí kó má baà já a. Ìyàwó mi fi rọ́bà sétí, ló bá fà á yọ wéré. "Olúwa mi o! Èyí ló wà létí ọmọ láti oṣù mẹ́ta?" Ìyá ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó sọ nǹkan kan, ó ń dúró de èsì. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ọ̀nà ni ìyàwó mi ti bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tọ́mọ náà sọ. Mo mi orí pé rárá. Ó ní, "Ó ní, 'Ṣé ẹ̀yin náà ti wá gbọ́ ọ báyìí?'"

Mo ti tún purọ́ fún ọmọ náà.

Lọ́la ní aago mẹ́jọ, màá lọ gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìgbọ́ràn síwájú ọ̀gá dókítà, màá sì ka gbogbo rẹ̀ fún un. Láti ọdún méjì, ẹ̀rọ tó ti jáde lọ́wọ́ mi lé ní igba. N kò mọ ìgbà tí òkè kú. N kò mọ ọmọ ta ni wọ́n ń pè lágídí báyìí. Bí mo bá gbé wọn lé etí títí ilẹ̀ ayé á fi pa rẹ́, n kò lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi, wọn kò ṣèèṣì sọ ọ́ ní Etí Ológbò nígbà tá a jọ ń kọ́ṣẹ́. Mo fi ọmọ olọ́mọ bẹ̀ ọ́, gba ìsinmi, wá bá wa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Má kọ̀wé pé ò ń bọ̀. Máa bọ̀ ni.

Ìyàwó mi kí gbogbo yín. Bá mi kí Màmá, kí wọ́n rọra máa fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Tó o bá dé ẹnu géètì, má wulẹ̀ te aago, òkè lọ́hùn-ún ni ìró rẹ̀ wà. Pe orúkọ mi, bó o ṣe máa ń pè é látijọ́. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sọnù lójú ọ̀nà, màá mọ orin rẹ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ tí kò gbọ́ tán,
                                        Wọ̀n-ọ́n-lẹ́ẹ̀mejì.