Ìjì Ò Rí Àgọ́ Mi Gbé

Ẹ̀gbọ́n mi Maxine,

Mo kí yín láti etí adágún, láàárín àpáta pupa aṣálẹ̀. Lánàá, atẹ́gùn fa àgọ́ mi tu, ó jù ú sómi. Bàbá Hoskins tó pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ẹ máa lọ sílé, kó tó gbé ẹ̀yin náà!"

Mo bẹ́ sómi, mo wọ́ ọ jáde, mo tún àgọ́ pa, mo fi òkúta ńlá tẹ gbogbo igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjì padà dé, ti Bàbá Hoskins ló fò lọ!

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi!"

Mo sún, mo bu ẹ̀wà gbígbóná fún un.

Ojú ibi tí dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Ẹ má tíì sọ fún Wendell ọmọ mi pé mo ti yọ́ kúrò nílé ìwòsàn. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.

Àbúrò yín,
Darlene