Àpò Tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Ti Fi Ṣọ́ọ̀kì Sàmì Sí

Habeebah Àṣìkẹ́ ọmọ mi,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí o ti kúrò ní Ọjà-Ọ̀dàn lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé ẹ̀rọ omi ilé tí o ń gbé n'Íbàdàn ti ń yọ omi? Ọlọ́run tó mú ọ délé lọ́jọ́ náà kò ní fi ọ́ sílẹ̀ nínú ìrìn rẹ gbogbo, àmín. Ara tèmi le, àfi ti inú tó ń bí mi, ìwọ gan-an ló sì ń bí mi nínú. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà tí mo fi rán Bánjí awakọ̀, torí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ bá ti ká ọ mọ́, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ilé ò burú. Àgùtàn ìyá rẹ ti bí, abo méjì. Ọjà ló tutù láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa, àwọn tó ń wá ra gààrí láti òdìkejì ò wá mọ́, wọ́n sì tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé bẹntiróòlù wá sí ilé epo tó bá sún mọ́ bọ́dà. Bàrúwà aládùúgbò wa ní bó bá ń lọ báyìí, ewúrẹ́ la ó máa gùn lọ sí Ìlaró.

Mo rí fídíò omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tí o fi ránṣẹ́. Omi náà dára, ó ń já bọ́ láti orí àpáta bí ẹni ń da gààrí funfun láti inú àpò. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ fún mi pé fídíò ń jẹ dátà, nígbà tí mo sì rí i pé omi yẹn ò ní dá, mo yára pa fóònù kó má baà gbé gbogbo dátà mi lọ. Bàrúwà ní kí òun náà wò ó, mo ní kó ní sùúrù di ìgbà tí o bá ra òmíràn sí i.

Fọ́ọ̀mù òtẹ́ẹ̀lì tí a ó sùn nígbà tí a bá lọ wo omi náà dé. Wọ́n bi mí pé irú bẹ́ẹ̀dì wo ni mo fẹ́, mo kọ ọ́ pé mò ń gbé ẹní mi bọ̀, kí wọ́n yọ owó bẹ́ẹ̀dì kúrò. Wọ́n bi mí pé aago mélòó ni màá dé, mo ní kí wọ́n lọ bi kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ẹni mélòó ló máa sùn nínú yàrá, mo kọ méjì, èmi àti ìyàwó mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán kí n tó rántí. Mo fi bírò fa ìlà lé e, ojú fóònù nìkan ló họ. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún wọn pé ẹnì kan ni.

Ti ọ̀nà tún wà níbẹ̀. O ní obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú máàpù sọ pé wákàtí márùn-ún ni. Bi í bóyá ó ti gba ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn sí Ayétòrò rí láti oṣù Kẹjọ, kó wá ka igi tí kọ́sítọ́ọ̀mù na dí ọ̀nà fún wa. Nítorí àwọn igi yẹn ni mo ṣe dá ọgbọ́n kan. Nígbà tí mò ń bá ìyá mi ru ẹrù gba Ìdí-Ìrókò, bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ti tú ẹrù wò tán, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń sàmì sí i, kò sì sí ẹni tó tún máa dá ọ dúró. Ní Mọ́ńdè, mo di àpò ìrìnàjò wa tán pátápátá, kẹ́tù àlùwàlá, gààrí, ẹja gbígbẹ, ìrẹsì Ọ̀fadà kóńgò kan, àti ìborùn ìyá rẹ tó ní ìlà búlúù, mo fi ẹní lé e lórí, mo sì rìn lọ bá wọn.

Ọ̀gá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ni mò ń lọ. Mo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti lọ wo omi tó ń já bọ́ lórí àpáta. Ó ní ìgbà wo, mo ní ó ku ọjọ́ méjìdínlógún. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wo bàbá tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ẹrù wá, pé àwọn tí àwọn ń lé kiri inú igbó ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣé ìrẹsì mi yìí kì í ṣe ti Kútọnu. Mo ní kó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà kíá.

Ọ̀gá yẹn wá fa ìborùn yọ, ó ní ta ló ni ín. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó ní kí ló dé tí ìyàwó ò fi ru ẹrù ara rẹ̀, àbí alábàárù ni mo jẹ́ fún un. Mo sọ fún un pé a ti sin ín, bí ọgọ́ta ọjọ́ sẹ́yìn. Ó ká ìborùn náà, ó ká a dáa ju bí mo ṣe ká a lọ, ó sì fi í sórí gbogbo ẹrù. Ó ní Bàbá, ẹ máa lọ sílé, a kì í gba owó bọ́dà lórí omi. Mo ní mi ò lọ láìsí àmì. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn mi ti ń fun fèrè. Ó wá inú dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn títí ó fi rí ṣọ́ọ̀kì kan, ó sì fa ìlà méjì sára àpò náà.

Láti ọjọ́ náà ni àpò ti wà lórí ìṣó, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kí àmì má baà pa rẹ́. Gbogbo gààrí ilé ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàrúwà ni mo ti ń tọrọ gààrí mu. Ọjọ́ kejì gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé, pé kí a sún ìrìnàjò síwájú títí wọn yóò fi ṣí bọ́dà, pé omi ò ní sá lọ.

Habeebah, ta ló sọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i fún ọ? Ọdún tí o wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni ìyá rẹ rí àwòrán omi yẹn lára kàlẹ́ńdà. Ó ní Bàbá Habeebah, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó, ká sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan péré. Mo ní ká kórè ẹ̀gẹ́ ná. A kórè tán, mo ní ká kan òrùlé ná. A kan òrùlé tán, mo ní kí o jáde yunifásítì ná. Mo ní omi ò ní sá lọ. Òótọ́ ni, omi ò sá lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fi dá a dúró fún ọdún mẹ́rìnlá lo wá ń fi ránṣẹ́ sí mi yìí. Má sọ ọ́ fún mi mọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ tí a dá náà là ń lọ. Wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Rọ epo kún táǹkì ọkọ̀ rẹ l'Ábẹ́òkúta, má gbé kẹ́ẹ̀gì kankan dání, wọn yóò ní onífàyàwọ́ ni ọ́. Fi owó bàtà kánfáàsì rán Bánjí padà, nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì, má fi gba báńkì torí wọn yóò tún ní kí n kọ fọ́ọ̀mù. Ọlọ́run tó ń mú omi jáde lára òkúta yóò mú ọ̀nà jáde fún ọ níbi tí wọ́n bá na igi dí i. Ẹni tó máa tọ́jú rẹ bí ìyá rẹ ṣe tọ́jú mi, Ọlọ́run yóò mú un wá, wàá sì tètè bá a lọ síbi tó bá wù yín.

Bàrúwà ní ìpele méje ni òkè omi yẹn, pé mi ò ní gun ju ìkejì lọ. Orúnkún ọ̀tún mi ń dùn mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa ń gun òkè ẹ̀yìn iléèwé lọ, mo sì máa ń sọ̀ bọ̀. Lánàá mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi Abdulrauf bàbá rẹ, màá máa gùn ún láràárọ̀ títí o fi máa dé.