Ọkọ̀ Bàálù Tí Bọ̀dá Mùkáílà Kò Fọwọ́ Sí

Ilé Àkànó,
Ìbẹ̀rẹ̀kòdó,
Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 1989.

Bọ̀dá mi Mùkáílà,

Mo kí yín, mo sì kí Àǹtí Rosaline, àfẹ́sọ́nà yín, tí ẹ wà lọ́dọ̀ wọn ní Èkó. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń jẹun? Tí ẹ bá ń béèrè nípa tiwa, a wà láàyè. Ara Ìyá le, orúnkún wọn nìkan ló ń dùn wọ́n. Òjò ti rọ̀ sórí ègúsí wa lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ẹ lè má fẹ́ rí lẹ́tà láti ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya á. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí Ìyá rán mi sí yín wà ní ìsàlẹ̀, Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà sì ti dé tán.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Èmi ni mo sọ fún Ìyá pé ẹ jalè. Kì í ṣe ará àdúgbò kankan, èmi Hàlímọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

Ọjọ́rú lẹ dé. Kì í ṣe ìgbà líìfù, kì í sì í ṣe ọdún. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá ń bọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ yín tó ní ìyẹ́ ẹyẹ lápò àyà lẹ máa ń wọ̀, búrẹ́dì Èkó á sì wà lọ́wọ́ yín. Lọ́tẹ̀ yìí bùbá lẹ wọ̀. Báàgì kan péré lẹ gbé dání, abẹ́ ibùsùn lẹ sì kọ́kọ́ tì í sí kí ẹ tó mu omi. Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà ni pé, "Bọ̀dá dé. Kò rẹ́rìn-ín. Nǹkan wà nínú báàgì ẹ̀."

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa láti máa wòkè. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yín pé kí ẹ máa tún bàálù ṣe, èmi ṣì wà ní pírámárì. Tí ọ̀kan bá kọjá lórí oko, ẹ ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ẹ ó ní, "Hàlímọ̀, wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìyẹn, èmi ni mo de táyà ẹ̀." Mùkáílà Oníbàálù ni gbogbo Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ń pè yín. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ dé yìí, a ń ro ègúsí lọ́wọ́, bàálù kan kọjá. Mo wòkè, mo sì wò yín. Ẹ ò gbójú sókè. Ńṣe lẹ wọ abẹ́ igi kaṣú lọ, ẹ dúró síbẹ̀ títí ariwo ẹ̀ fi tán. Mo ní nínú mi pé ẹni tó bá ń sá fún òjìji iṣẹ́ ara ẹ̀, ó ní ohun tó ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Ìyá rán mi lọ sí Èrúwà pé kí n ra kẹ́ẹ̀gì kékeré tí wọ́n máa fi bu omi bọ̀ láti Mẹ́kà. Mo rí yín ní gáréèjì pẹ̀lú ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ yẹn. Ẹ pè é ní Fọlábí. Mo sá sẹ́yìn bọ́ọ̀sì Ìbàdàn, mo ń gbọ́ yín. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ó ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìkan ni onígbàgbọ́ òdodo tó kù ní ẹ́ápọ́ọ̀tù? Àwa yòókù, kèfèrí ni wá?" Ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ọ̀gá ní kí o wá fọwọ́ sí i, kí gbogbo wa sinmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o kúkú máa bá ìyá ẹ gbin ègúsí lọ." Ẹ bi í pé, "Fọlábí, ìwọ ti wò ó?" Ó ní, "Wo kí ni? Ó ti rẹ̀ mí. Ta ló tún ń wo nǹkan mọ́?"

Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ń ní kí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé ni àwọn tí ọlọ́pàá mú. Mo ní kò sí àní-àní mọ́. Ẹ ti kó ẹrù ilé iṣẹ́, ó wà nínú báàgì yẹn, wọ́n fẹ́ kí ẹ wá jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìṣísẹ̀ yín. Tí ẹ bá jáde, mo mọ̀. Tí ẹ bá wọlé, mo ń wo ọwọ́ yín. Ẹ bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí mo ń wò yín bí ẹni wo ejò, mo ní kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló wá bàjẹ́ tán. Ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ ọmọnìkejì dání, ìyẹn ni Ìyá fi jókòó sórí ẹní lọ́dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun, tí Àáfà Sàláúdéènì jókòó tì wọ́n, tí ará ilé ń wá níkọ̀ọ̀kan láti forí jì wọ́n. Ìyá Ìbílọlá ẹ̀yìnkùlé wa ní, "Ìyá Mùkáílà, ewúrẹ́ yín tó jẹ láfún tí mo sá sórí àpáta, mo ti forí jì yín. Ewúrẹ́ yẹn gan-an ni mi ò tíì forí jì." Àáfà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó wá kàn yín. Ìyá ní, "Mùkáílà, àkọ́bí mi, tí mo bá ti nà ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ gún ọ, forí jì mí nítorí Ọlọ́run." Ẹ ní, "Ìyá, mi ò lè forí jì yín."

Àáfà bi yín pé kí ni wọ́n ṣe fún yín. Ẹ ní wọn ò ṣe nǹkan kan. "Kí ló wá dé?" Ẹ ní, "Mi ò kàn forí jì wọ́n ni, Àáfà. Ẹ má bínú." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àáfà ní ìbínú ọmọ kì í ṣe ẹrù tí ìyá ń gbé yí Káábà ká, kí Ìyá má tíì di ẹrù wọn títí ẹ ó fi yanjú ẹ̀. Bọ̀dá, ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá fi ná ọjà Tápà nítorí ìrìn àjò yìí. Wọn ò sunkún níwájú èèyàn. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, mo sì rí wọn.

Nígbà tí ẹ lọ kírun àṣálẹ́, mo fa báàgì yín yọ. Mi ò bá ẹrù olè kankan níbẹ̀. Ìwé jọ́tà kan tí epo ọkọ̀ ti rin ni mo bá, àti ṣẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ tí ẹ ká wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ká aṣọ òkú. Gẹ̀ẹ́sì lẹ kọ sínú jọ́tà, ẹ sì mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo ti dúró. Déètì ni mo rí, nọ́ńbà, orúkọ Fọlábí káàkiri. Mo ní àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ tà nìyẹn. Mo gbé e lọ bá Ìyá. Mo ní, "Wọ́n ti lé Bọ̀dá níbi iṣẹ́ nítorí olè. Àǹtí Rosaline ló ń kọ́ ọ ní olè jíjà. Ojú Ọlọ́run ló ń tì í tí kò fi lè forí jì yín." Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ mọ ìyókù. Láàárọ̀ Sátidé, Ìyá ní kí ẹ máa padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ yín. Ẹ wo inú báàgì, ẹ wò mí, ẹ ò sì béèrè ìwé náà. Ẹ kàn jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì. Wíwò yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ń rò ó lóko, mo ń rò ó nídìí omi. Olè wo ló máa fi ìwé olè ẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ?

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni mo gbé e lọ fún Tísà Ògúntóyè tó kọ́ mi ní ìwé kejì. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ díńgí ojú wọn, wọ́n tún gbé e wọ̀, wọ́n tún kà á. Wọ́n ní, "Hàlímọ̀, ta ló sọ pé ìwé olè ni ìwé yìí?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí n jókòó.

Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Bàálù kọ̀ọ̀kan, déètì, ohun tó ń ṣe é. Búrèkì ẹsẹ̀ òsì ti jẹ, kò sí tuntun, kí wọ́n yọ ti èyí tó dúró kí wọ́n fi sí èyí tó ń lọ. Ẹ kọ ọ́ pé mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí wọ́n ti tú bí adìyẹ tí wọ́n hú níyẹ̀ẹ́ kí mẹ́rin lè máa fò. Ẹ kọ ọ́ pé tẹ́lẹ̀ orin lẹ máa ń kọ nídìí iṣẹ́, ẹ sì ń du ẹni tó máa kọ́kọ́ débẹ̀, àmọ́ ní báyìí wọ́n ń sùn sábẹ́ ìyẹ́ bàálù, tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ̀rọ̀, ọ̀gá á ní kó lọ máa ru ẹrù. Fọlábí ló mọ iṣẹ́ jù, òun ló kọ́ yín. Ọjọ́ tí wọ́n mú ọmọ àna ọ̀gá tí kò mọ bóòtù yàtọ̀ sí ìṣó, tí wọ́n fi ṣe olórí lé e lórí, ọjọ́ náà ló ti jáwọ́ nínú wíwo nǹkan. Nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ kọ ọ́ pé, "Mi ò fọwọ́ sí i. Fọlábí fọwọ́ sí i."

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni Tísà kà jẹ́jẹ́. Wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí èyí tó máa kó àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, wọn ò sì jẹ́ kí ẹ tú u wò. Ẹ ní rárá, wọ́n ní kí ẹ lọ sílé. Ẹ rí orúkọ Ìyá nínú àwọn tó máa wọ̀ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé tí ẹ bá sọ fún Ìyá, wọ́n á ní Ọlọ́run ló ń gbé ọkọ̀ ró lófuurufú, wọ́n á sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ohun kan ṣoṣo ló lè dá Ìyá dúró, tí ọmọ bíbí inú wọn ò bá forí jì wọ́n.

Mo bẹ Tísà, wọ́n tẹ̀ lé mi wálé. Ìyá ń ṣa ègúsí lórí atẹ. Wọ́n ń ṣa á lọ bí Tísà ṣe ń kà á, títí dé ibi orúkọ wọn, ọwọ́ wọn wá dúró. Wọ́n ní, "Nítorí kí n má baà kú ni?" Tísà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ní, "Ọmọ yìí gọ̀. Ó jẹ́ kí n máa ronú ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí mo ti bí i." Wọ́n fi ìborùn bojú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́. "Sọ fún un pé mo ṣì ń lọ. Ọlọ́run ló pè mí. Kó padà síbi iṣẹ́ ẹ̀. Kó ní òun ti dé, òun máa fọwọ́ sí i, àmọ́ òun máa kọ́kọ́ tú u wò. Tó bá dáa, kó fọwọ́ sí i, mi ò ní tọrọ ìforíjì lẹ́nu ẹ̀ mọ́, ìyẹn ti tó mi. Tí kò bá dáa, tàbí tí wọn ò bá jẹ́ kó wò ó, kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ́ápọ́ọ̀tù lọ́jọ́bọ̀. Tí mo bá ti rí i níbẹ̀, n ó yí padà, gbogbo wa tí a jọ ti Ìbàràpá lọ ló sì máa gbọ́ ìdí ẹ̀ lẹ́nu mi."

Tèmi ló kù. Ìyá ti fọkàn tán yín. Èmi ò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Mi ò ní yín lólè mọ́. Ohun tí mo ń fura sí báyìí ni ojú tó ń tì yín. Mo ń rò ó pé ẹ lè rántí ẹkún Ìyá, kí ẹ fọwọ́ sí i kíákíá nítorí kí wọ́n lè dé Mẹ́kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nítorí ìfẹ́. Ẹ tú u wò.

Ẹ forí jì mí pẹ̀lú, fún báàgì àti fún ẹnu mi. Tí ẹ bá ní ẹ ò forí jì mí, mo mọ̀ pé tèmi yìí ní ìdí. Kí Ọlọ́run fún yín ní ọ̀gá tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Kó dá orin padà sẹ́nu yín nídìí iṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ yín bá dè, kó má tú. Kí Ìyá lọ ire, kí wọ́n bọ̀ ire, kí gbogbo wa jọ mu omi inú kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Èmi ni àbúrò yín tó fi ojú burúkú wò yín,
Hàlímọ̀.

Mo tún rántí: mo dá jọ́tà yín padà, Babáwálé onímọ́tò tó gbé lẹ́tà yìí ló máa fún yín. Ojú ewé kan ò sí níbẹ̀, èmi ni mo ya á. Mi ò jẹ́ kí Tísà kà á fún Ìyá. Ti oṣù kejì ọdún yìí ni. Ẹ kọ ọ́ pé lọ́jọ́ náà ó ti rẹ ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ sí ọ̀kan láìwò ó, ó gbéra, ó balẹ̀ sí Kánò, nǹkan kan ò ṣe é, ohun tó sì ń bà yín lẹ́rù nìyẹn. Ọjọ́rú ni Babáwálé ń padà bọ̀. Tí ẹ bá ti tú bàálù Ìyá wò, ẹ kọ "mo wò ó" sínú bébà péré kí ẹ fún un. Tí mi ò bá rí i kí Ìyá tó wọ mọ́tò, n ó ka ojú ewé yẹn fún wọn fúnra mi. Tísà ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á.