Ẹni Tó Ń Ṣáájú ní Paris

Bàbá mi àtàtà,

Mo ru bíríkì ní Ìbàdàn títí àárín orí mi fi pá. Mo sùn sí ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù ní Mushin, páálí ni mo tẹ́ sílẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, mo fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwọn tí mo lè bí lọ́mọ, mo ti ẹrù nínú yìnyín pẹ̀lú bàtà tó ti lu. Ní Beltsville, ohun tí ọkùnrin méjì ń gbé ni mo ń dá gbé. Kò pa mí. Lónìí, mo nílé ńlá lẹ́bàá Upper Marlboro ní Maryland, mo ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ṣiṣẹ́ fún mi, àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ ló sì ń pè mí ní ọ̀gá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ni tèmi. Kò sí ẹni tó bá mi ṣe é.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó wọ réluwé láti London lọ sí Paris. Fọlá, àkọ́bí wa, ló ṣètò rẹ̀ fún èmi àti ìyàwó mi. Abẹ́ òkun ni réluwé náà gbà, Bàbá. Omi wà lókè wa, èmi ń jẹ mọ́ínmọ́ín tí ìyá Fọlá gbé dání. Ojú fèrèsé ṣókùnkùn fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í rí oko. Oko wọn tẹ́jú ju tiyín lọ.

Lọ́jọ́ kejì la jáde lọ wo ìlú. Mo wọ agbádá, mo dé fìlà. Àwọn òyìnbó kan bẹ̀ mí pé ká jọ ya fọ́tò, mo gbà fún wọn. Fọ́nù tèmi àti ti ìyá Fọlá wà lápò mi nítorí olè. Ilé gogoro onírin tí gbogbo ayé ń lọ wò la fẹ́ kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ká wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí orúnkún ìyá Fọlá ti ń dùn ún. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo kọ́ lọ́dọ̀ yín ni mo ń rìn.

Ṣé ẹ rántí? Tí a bá ń lọ sóko, ẹ̀yin lẹ máa ń wà níwájú, Màámi á tẹ̀ lé yín pẹ̀lú agbọ̀n, èmi á wà lẹ́yìn wọn. Ẹ kì í bojú wẹ̀yìn. Ẹ kàn máa ń wúkọ́ lóòrèkóòrè. Mo rò pé tábà ni.

Bí mo ṣe ṣáájú nìyẹn létí odò wọn. Mo ń ṣàlàyé afárá, mo ń ṣàlàyé ilé, bí ẹni tó bá wọn kọ́ ọ. Nígbà tí mo dé abẹ́ ilé gogoro náà, mo ní, "Ìyá Fọlá, gbójú sókè." Kò sí ìdáhùn. Mo yíjú padà. Èrò rẹpẹtẹ, kò sí ìyàwó mi.

Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Àpò ara mi ló ń dún. Mi ò gbọ́ èdè wọn. Nínú gbogbo ohun tí mo ní ní Maryland, kò sí èyí tó wúlò níbẹ̀. Mo gba ọ̀nà tí a bá wá padà, mo tún dúró, bóyá ó ti gba ibòmíràn.

Ẹnì kan wá pariwo orúkọ mi. Kì í ṣe Alàgbà, kì í ṣe Dádì, kì í ṣe Bàbá Fọlá. Orúkọ tí ẹ sọ mí. Ohùn náà há, ó sì le. Látìgbà tí ẹ ti fayé sílẹ̀, kò sí ẹni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀. Kí n tó ronú, mo ti dáhùn: "Bàámi!"

Ìyàwó mi ni. Ó jókòó sórí ògiri kúkúrú kan, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pe orúkọ mi rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé wọn nìyẹn.

"Ṣé ẹ ti rí ìyàwó Faransé ni, tí ẹ fi ń sáré báyìí? Mo pe Bàbá Fọlá, Bàbá Fọlá, títí ohùn mi fi há. Gbogbo òyìnbó ló wò mí, àfi ẹ̀yin."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ yín. Ta wá ni Bàámi tí ẹ ń dá lóhùn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá a wọ bàtà rẹ̀. A ò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Orí ògiri yẹn la ti wo ilé onírin náà. Ó ga lóòótọ́.

Bàbá, ṣé tábà ló ń fa ikọ́ yẹn? Àbí ẹ ń jẹ́ kí Màámi mọ ibi tí ẹ dé ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ìrìn yín nìkan ni mo kọ́.

A ti padà sílé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyá Fọlá máa lọ rí dókítà ní Adelphi nítorí orúnkún rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí jìnnà sí ẹnu ọ̀nà díẹ̀. Mo máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá gbàgbé tó sì ṣáájú, mo máa wúkọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń jẹ́ orúkọ tí ẹ sọ ọ́.