Ihò Tí A Ti Ń Hun Ẹní

Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá
Láti àárọ̀ la ti wà nínú ihò orí òkè, àwa obìnrin mẹ́tàlá. Ibẹ̀ tutù, koríko ẹní kì í ṣẹ́ níbẹ̀. Omi ń kán — tó, tó, tó. Oorun gbé mi lọ lórí ìjókòó, ọwọ́ mi ò dúró. Ìgbà tí mo máa jí, ẹní ti gùn sí i. Nanay Pasing, àgbà wa, ní ọkùnrin kankan ní erékùṣù Samar wa ò lè rí ẹnu ihò yìí láéláé. Àṣírí tiwa ni. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́rú, 5
Wọ́n ní ìjì ńlá ń bọ̀. Ìpàdé. Gbohùngbohùn — kápítéènì, ìyẹn olórí abúlé wa, aláriwo tí mi ò lè pè ní nǹkan mìíràn níbí — ní ṣọ́ọ̀ṣì etíkun la máa sá sí, torí bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Mo dìde, mo ní òkun á bá wa níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gun òkè lọ sínú ihò. Ó ní, "Rufina, ìrẹsì olómi la ní kí ẹ̀yin obìnrin sè. Ta ló bi yín léèrè ọ̀nà?" Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Tasyo ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Òkun pa rọ́rọ́. Ojú ọ̀run funfun bí inú ìkarahun. Mo bẹ Tasyo. Ó ní, "Kí wọ́n wá bá èmi láàárín àwọn tó ń hun ẹní? Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín di Kérésì." Inú bí mi. Mo ní kó máa bá Gbohùngbohùn rẹ̀ lọ.

Ẹtì, 7
A ti gòkè. Obìnrin àtọmọdé, mọ́kànlélógójì.

Àbámẹ́ta, 8
Ọ̀sán ṣókùnkùn. Látinú ihò, ìjì ń dún bí ẹni tó ń mí lójú oorun. A tẹ́ ẹní, àwọn ọmọ sùn. Èmi náà tòògbé — mo lálàá pé ẹnìkan ń pè mí níta, ohùn rẹ̀ jìnnà, ó rọra ń dún. Mi ò dáhùn. Àlá kúkú ni.

Àìkú, 9
A sọ̀ kalẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ò sí mọ́, ilẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Orí igi àgbọn la ti bá Gbohùngbohùn àti ọkùnrin mẹ́fà. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Ó ní bí omi ṣe dé orúnkún wọn, Tasyo ní òun ń lọ bá ìyàwó òun. Mi ò rí i lọ́nà.

Ìṣẹ́gun, 11
Wọ́n rí òkú Tasyo. Ẹ̀yìn ihò, igi wó lù ú. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kún inú ẹrẹ̀ lábẹ́ àpáta, yíká yíká.

Ọjọ́rú, 12
Kì í ṣe àlá.

Àbámẹ́ta, 22
Gbohùngbohùn wá sílé, ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ ṣolórí ìgbìmọ̀ ìjì." Mo gbà. Kò tiẹ̀ dùn mọ́ mi.

Láàárọ̀ yìí ni mo kó gbogbo ọkùnrin abúlé tó kù gba ọ̀nà òkè, mo fi ẹnu ihò hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nanay Pasing ò lè wojú mi. Kéèyàn tó rìn láti etíkun débẹ̀, ìrẹsì tó gbé kaná ò ní tíì jinná. Ogún ọdún ni mo ti ń gbabẹ̀. Mi ò sọ ọ́ rí lọ́jọ́ kan pé, Tasyo, wá, jẹ́ ká jọ lọ.